Ọjọ́ Tí A Máa Ń Dojú Odó Délẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń sáré jáde láàárọ̀, tí ilẹ̀ á ti ṣú kí ẹ tó wọlé, ọ̀rọ̀ odó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò ní odó nílé mọ́. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ rẹ̀, mi ò sì bá ẹ̀rọ jà. Èmi náà ń gbé ata lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ọkọ ní Tchaada, odó la fi ń mọ irú ọjọ́ tí a wà, odó la sì fi ń mọ bí nǹkan ṣe rí nílé ara wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Àpò kan ló mú mi rántí rẹ̀. Ọmọ mi Ṣìfáwù ló gbé e wá sílé mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ṣìfáwù ni àkọ́bí mi. Ó ní bùtíìkì ní Igolo, nítòsí bodè, níbi tí àwọn tó ń ti Ìdírokò bọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Ọṣẹ àti ìpara ló ń tà. Felisité, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta bàtà ọmọdé ní bùtíìkì tó fara kan tirẹ̀, bá a wá. Àlímátù, ọmọ Ṣìfáwù, ọmọ ọdún márùn-ún, wà láàárín wọn. Aṣọ Àlímátù ló wà nínú àpò náà, gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan bàtà tó ń wọ̀ lọ kàwé ní lekọ́ọ̀lù.

Ṣìfáwù gbé àpò náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò gbé e wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó, ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, mo fẹ́ kí Àlímátù wá máa gbé lọ́dọ̀ yín."

Mo ní, "Fún ìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ní lekọ́ọ̀lù?"

"Rárá. Títí ọwọ́ mi á fi dilẹ̀ díẹ̀."

"Ìgbà wo ni ọwọ́ rẹ máa dilẹ̀?"

Felisité ló bá a dáhùn, nítorí ẹnu Felisité kì í gbé ọ̀rọ̀ pẹ́. "Màmá, ní Igolo, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ebi ló ń rọra bọ̀ wá bá a."

Ṣìfáwù wá ṣàlàyé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ sí Parakou, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ló ń wálé. Òun nìkan ló ń jí ọmọ, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń mú un lọ sí lekọ́ọ̀lù, tó ń ṣí bùtíìkì, tó ń dá oníbàárà tó bá pè é lóhùn lórí pọtábù, tó ń gba ẹrù ní bodè, tó sì tún ń sáré padà lọ mú ọmọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé. Ìgbà tó dé orí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ohùn rẹ̀ yí padà. Lọ́jọ́ náà, Àlímátù sùn lọ sẹ́yìn àwọn páálí ọṣẹ. Ṣìfáwù ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀ lórí pọtábù, ó ti ilẹ̀kùn bùtíìkì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò, ó gun zẹ́mì. Alùpùpù náà ti gbé e dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó na ọwọ́ sẹ́yìn láti di ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà kò sì ba nǹkan kan.

"Nígbà tí mo padà ṣílẹ̀kùn, ó ṣì ń sùn," ló wí. "Òun ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo mọ̀. Lọ́dọ̀ yín, Màmá, kò sẹ́ni tó máa tì í mọ́lé."

Bí mo bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àpò náà á wọlé. Bí mo bá sọ pé rárá, àpò náà àti ọmọ náà á padà sí Igolo, sẹ́yìn páálí. Mi ò sọ ọ̀kankan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan fún wọn. Felisité wo aago. Mo rí i, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀.

Ọdún kìn-ín-ní tí mo wọ ilé ọkọ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ko-Koumolou ni wọ́n ti bí mi. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo mọ ìwé kọ, mo mọ ìṣirò, mo sì rò pé mo mọ gbogbo ohun tó kù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Epo ni iṣẹ́ àwa obìnrin ní Tchaada. Àwọn ọkùnrin á gun ọ̀pẹ, wọ́n á gé ìdì ẹyìn lulẹ̀, àwa á rù ú wálé. A ó ṣa ẹyìn kúrò láàárín ẹ̀gún, a ó sè é títí á fi rọ̀, a ó gún un nínú odó, a ó wá dà á sínú kòtò olómi tí a fi amọ̀ rẹ́. A ó máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pò ó títí epo á fi léfòó bí ọṣẹ tó hó. A ó bù ú sínú ìkòkò, a ó sè é títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tí kò ní ta pàrà pàrà mọ́. Obìnrin kan kò lè dá a ṣe. Àáró la fi ń ṣe é: lónìí gbogbo wa wà nílé mi, lọ́la gbogbo wa wà nílé rẹ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí ẹ bá gbọ́ ìró odó ìgbà náà, ẹ ò ní gbàgbé rẹ̀. Odó méje tàbí mẹ́jọ á máa dún lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn wọn kì í sì í jọra. Odó ìyá ọkọ mi ti jìn nínú, ohùn rẹ̀ wúwo. Tèmi jẹ́ tuntun, ó ń dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Láti inú oko, ọkùnrin lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni ìyàwó òun ń ṣe tàbí ó ti dúró sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Rámátù, tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa, yọ̀ ṣubú sínú kòtò epo, ó rì dé ìbàdí. Bí a ṣe ń sáré lọ fà á jáde, ìyá ọkọ mi ké láti ìdí ìkòkò pé, "Ẹ rọra fà á o. Ẹ má jẹ́ kó gbé epo wa lọ." Ìyá Rámátù fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó tún ṣubú padà sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni odó ń dún. Ọrọọrún ni ọjà wa ń ná: tí a bá ná an lónìí, tí a ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún la tún máa ná an. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ìyípo kan. Ọjọ́ kan jẹ́ ti ọjà. Ọjọ́ méjì jẹ́ ti epo. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà gan-an, a máa ń dojú odó délẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, obìnrin kọ̀ọ̀kan á jáde, á yí odó rẹ̀ dojú bolẹ̀ níwájú ilé, á fi ọmọ odó lé e lórí. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó lè pe obìnrin náà síṣẹ́. Ọkọ kò tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà kò tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá fẹ́ lọ sóko, kí ó lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló máa lọ. A kì í gúnyán lọ́jọ́ náà. Gààrí la máa ń jẹ, tàbí ẹ̀wà tó ṣẹ́kù ní àná, kò sì sí ọkùnrin tó ń ráhùn, nítorí wọ́n bí i bá àṣà náà ni.

Ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ náà yàtọ̀. O lè gbọ́ bí ọmọ ṣe ń húkọ́ ní ojúlé kẹta. A ó lọ fọṣọ lódò, a ó padà wá dirun fún ara wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nítòsí á lọ kí i, ẹni tó bá fẹ́ sùn á sùn ní ọ̀sán gangan láìsí ẹni tó máa pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn ọmọ ló máa ń gbádùn rẹ̀ jù, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń rí itan ìyá wọn jókòó lé. Tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọkùnrin lọ kírun tí wọ́n padà dé nínú aṣọ funfun, gbogbo àdúgbò á dà bí ọdún.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà náà dùn ju tiyín lọ. Ẹ̀yìn ń dùn wá. Ẹ̀gún ẹyìn ń gún wa lọ́wọ́, omi jìnnà, ọmọ tó bá ń gbóná kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí. N ò ní tìtorí odó gbàgbé ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí.

Èmi ni mi ò mọ ibi tí ó yẹ kí n dúró sí. Ní ọjọ́ ọjà kan, obìnrin kan láti ẹ̀gbẹ́ bodè sọ fún mi pé òun máa kọjá ní Tchaada lọ́túnla, pé bí mo bá ní epo tó kún bídọ́ọ̀nù méjì, òun máa gbà á lọ́wọ́ mi tayọ̀tayọ̀. Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ kí ọdún Iléyá tó dé. Ẹyìn tí mo ti sè wà nílẹ̀. Mo ṣe ìṣirò, ó sì jáde dáadáa. Ohun kan ṣoṣo tó wà láàárín èmi àti kẹ̀kẹ́ náà ni ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí a fi dirun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi jáde lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìyá ọkọ mi ru aṣọ lọ sódò. Mo gbé odó mi dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹyìn. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ìró rẹ̀ ga ju bí mo ṣe rò lọ.

Kò pẹ́ tí Ìyá Rámátù fi dé. Ó gbé abọ́ gààrí tí ó fi aṣọ bò wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á ṣe é," ó sì lọ. Mo rò pé ó ń ṣe mí lóore nítorí pé mo jẹ́ ìyàwó tuntun. Inú mi dùn, mo tún gún un kíkankíkan. Obìnrin kejì gbé iṣu mẹ́ta wá. Ẹ̀kẹta gbé ẹja gbígbẹ wá. Mo ń dúpẹ́, mo ń kúnlẹ̀, mo ń gún ẹyìn. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, abọ́ méje ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ọkọ mi dé, ó dúró, ó wo àwọn abọ́ náà. Ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí wá ni gbogbo èyí?"

"Àwọn ará àdúgbò ló ń kí mi káàbọ̀. Wọ́n mà fẹ́ràn wa o."

Ó ní, "Wọ́n fẹ́ràn wa lóòótọ́. Ọkùnrin mẹ́ta ti di ọwọ́ mi mú lójú ọ̀nà, wọ́n ń kí mi kú ìfaradà. Ọ̀kan ní kí n wá bá òun ṣán oko lọ́la kí n lè rí iṣu gbé wálé. Èmi, tí àká àgbàdo mi kún dé ẹnu." Nígbà náà ló rí odó. Ó rọra jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́bàá ògiri. "Ìyàwó, ta ló ní kí o gbé odó dìde?"

Ìyá ọkọ mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó ti odò dé. Ní Ko-Koumolou tiwa, a kì í dojú odó délẹ̀, nítorí náà mo ti rò pé ìsinmi lásán ni. Ṣùgbọ́n ní Tchaada, bí odó bá wà nídùúró lọ́jọ́ ìsinmi, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilé náà kò ní ohun tí wọ́n máa jẹ, pé wọ́n kò lè sinmi nítorí ebi. Ẹni tí ojú ń tì láti tọrọ, odó ló máa ń bá a tọrọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbé nǹkan wá, kò ní béèrè ọ̀rọ̀, kò ní wo ojú onílé.

Ìyá ọkọ mi ní, "Títí di àná, gbogbo Tchaada mọ̀ pé a ń jẹun yó. Lónìí, o ti fi odó gún ebi sí wọn létí."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ dá a padà fún wọn."

Ó ní, "A kì í dá oore padà. Abọ́ la máa ń dá padà, a kì í sì í dá abọ́ padà lófìfo."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Epo tí mo rí fún lọ́jọ́ náà kò kún bídọ́ọ̀nù kan. Mo bù ú sínú abọ́ méje, mo rù wọ́n kiri ojúlé méje, mo sì ń sọ òótọ́ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n fi pa mí. Odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń kí mi pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ ti rí nǹkan jẹ lónìí?" Obìnrin ẹ̀gbẹ́ bodè náà dé, ó gbọn bídọ́ọ̀nù mi wò, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìyá Rámátù ló sọ èyí tí mo gbé sọ́kàn. Ó ń dirun fún mi lọ́wọ́, ó di orí mi mú kí n má baà yíjú padà. Ó ní, "O rò pé a ń sinmi nítorí pé ó rẹ̀ wá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A lè sinmi nítorí pé gbogbo wa la dákẹ́. Bí ẹnì kan bá ń gún nǹkan, èmi tí mo dùbúlẹ̀ ò ní lè sùn. Ọkàn mi á ti wà lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀."

Báyìí ló ṣe rí títí ẹ̀rọ fi dé. Ẹnì kan ra ẹ̀rọ tó ń fún ẹyìn, ó gbé e sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ ọjà, kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹyìn dé ló máa kọ́kọ́ fún un. Ó dára, ó yá, ó sì gba ẹ̀yìn wa lọ́wọ́ ìrora. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, obìnrin kan jáde lọ sídìí ẹ̀rọ. Ní ìyípo tó tẹ̀ lé e, àwọn márùn-ún jáde. Ẹnikẹ́ni kò ráyè dojú odó délẹ̀ mọ́. Nígbà tí gbogbo odó sì wà nídùúró, a kò mọ ilé tí ebi wà mọ́. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn.

Èmi náà wà lára àwọn tó ń sáré. Mo ń ra ẹyìn, mo ń fún un, mo ń gbé epo lọ sí Igolo, sí Ifangni, sí ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ. Ìyá ọkọ mi ti kú. Nígbà tí Ṣìfáwù pé ọmọ ọdún mẹ́rin, mo di aṣọ rẹ̀ sínú àpò, mo mú un lọ bá ìyá mi ní Ko-Koumolou. Mo ní kí ó wà níbẹ̀ títí ọwọ́ mi á fi dilẹ̀ díẹ̀.

Ibí yìí ni mo bá ọ̀rọ̀ náà dé ní ọ̀sán Àìkú yẹn. Felisité kò wo aago mọ́. Ṣìfáwù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ Màmá Àgbà. Wọ́n tọ́jú mi dáadáa. Kò sí ohun tó ṣe mí."

Mo ní, "Kò ṣe ọ́. Èmi ló ṣe."

A kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí láàárín àwa méjèèjì. Nítorí náà mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe rí gan-an. Ọjọ́ tí mo lọ mú un padà, ó ti pé ọmọ ọdún méje. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ láti kí àlejò. Nígbà tí a délé, ó béèrè ibi tí òun lè jókòó sí. Ó jẹun, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá dúró níwájú mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la máa padà sílé?"

Mo sọ fún Ṣìfáwù pé, "Ó gbà ọ́ tó oṣù mẹ́jọ kí o tó pè mí ní Màmá láìjẹ́ pé ẹnì kan rán ọ létí. Mo ń kà á. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gba àpò yẹn wọlé."

Felisité ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, kí ni kó wá ṣe? Bí ó bá ti bùtíìkì lọ́jọ́ kan, oníbàárà á lọ sí ojúlé kejì, kò sì ní padà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé gbogbo yín lẹ jọ ń dákẹ́. Ta ló fẹ́ bá wa dákẹ́ ní Igolo?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Mi ò lè ní kí Igolo dákẹ́. Mo ní, "Kò ní ti bùtíìkì. Èmi ni mo máa wá jókòó síbẹ̀. Ní ọrọọrún, èmi á wà ní bùtíìkì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, Ṣìfáwù á wà nílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀."

Felisité bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin, Màmá? Ní Igolo? Wọ́n á ti jẹ yín tán kí oòrùn tó ràn."

"Egungun mi le, Felisité. Eyín wọn ló máa kán."

Ṣìfáwù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n á máa pè mí. Kò sí ibi tí mo lè wà tí wọn ò ní pè mí."

"Pọtábù rẹ náà á wà lọ́wọ́ mi."

Ó di pọtábù náà mú bí ẹni tí mo ní kí ó yọ eyín. Ó wo Àlímátù, tó ti sùn lọ sórí ẹní pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ká gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá ṣiṣẹ́, Màmá, ẹ máa gbà á?"

Mo ní, "Bí kò bá ṣiṣẹ́, màá gbà á." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó pọn ọmọ náà, Felisité gbé àpò, wọ́n lọ.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ta ìpara ẹsẹ̀ fún ọkùnrin kan tó béèrè ìpara ojú. Ó padà wá, ojú rẹ̀ ń dán yanran, ó ní, "Ìyá, ẹ wo ohun tí ẹ ṣe fún mi." Mo bẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ ìpara kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pẹpẹ. Ní ti pọtábù, ẹni mọ́kànlá ló pè kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo sọ ohun kan náà fún gbogbo wọn: bùtíìkì ṣí sílẹ̀, èmi ni mo wà níbẹ̀, Ṣìfáwù ń bọ̀ lọ́la. Àwọn mẹ́sàn-án béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo ní ara rẹ̀ yá gan-an. Ìyẹn gan-an ni kò yé wọn.

Ṣìfáwù fúnra rẹ̀ wá sí bùtíìkì lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà pé òun ń wá nǹkan tí òun gbàgbé. Mo lé e padà. Lọ́jọ́ kejì tí mo jókòó, ẹ̀ẹ̀kan ló wá. Lọ́jọ́ kẹta, kò wá rárá.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀, Felisité wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú bàtà ọmọdé kan ṣoṣo lọ́wọ́. Ó wo inú bùtíìkì yí ká, ó ka ìwé tí mo lẹ̀ mọ́ pẹpẹ.

Ó ní, "Wọn ò tíì jẹ yín tán."

"Wọ́n ń gbìyànjú."

"Àlímátù ńkọ́? Ṣé ó ti wà lọ́dọ̀ yín ni?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀ lónìí."

Ó mi orí. Ó yí bàtà náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó ń wá ìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, láìwo ojú mi, "Màmá, bàtà ò ṣòro tà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ bẹ̀ yín fún ọjọ́ kan…"

Mo ní, "Ọjọ́ wo lo fẹ́?"

Ó ronú. Ó jókòó sórí páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tún ronú. Àwọn èèyàn ń kọjá, zẹ́mì ń fọn fèrè, ẹnì kan ń pe orúkọ rẹ̀ láti iwájú bùtíìkì tirẹ̀, kò dáhùn.

Ó ní, "Ọmọ mi méjèèjì ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Cotonou. Ìyá mi ò sí mọ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Felisité. Tìrẹ ni ọjọ́ náà."